Omi Inú Ẹ́ńjìnnì Ẹ̀hìnmosàn

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n gbé e dé, lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù,
wọ́n fi okùn àwọ̀n dè é bí ẹran Iléyá:
ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ní Bọ́lọ̀rúndúró,
l'Ọ́ṣun tiwa níhìn-ín, tí ọkọ̀ ojú omi kankan kò kọjá rí.
Ẹ̀hìnmosàn fò sílẹ̀, ó ń rùn fún ẹja yíyan àti dísẹ́ẹ̀lì.
"Ọ̀gá Fátúrótì, Igbókòdá ni mo ti ń bọ̀.
Omi ń jò, n kò mọ ibi tó ti ń jò.
Láàárọ̀ mo máa ń gbọ́n garawa mẹ́ta nínú ọkọ̀.
Lálẹ́, mẹ́rin."

Ọ̀gá mi ò dáhùn. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì
bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù,
ó fi ìka nu abẹ́ rẹ̀, ó fi ìka kan ahọ́n.
"Iyọ̀."
Ẹ̀rín pa mí. Wọ́n ní baba ńlá wa fẹsẹ̀ rìn dé etí òkun
lọ bu omi tí yóò fi la ojú bàbá rẹ̀,
ìdí nìyẹn tí a fi ń pe Ọwá ní Obòkun.
Lónìí òkun gun píkọ́ọ̀pù, ó wá bá wa nílé.
"Yé rẹ́rìn-ín. Omi méjì ló ń gba ara rẹ̀:
omi dídùn ń yí po nínú,
omi iyọ̀ ń wọlé nísàlẹ̀ ọkọ̀, ó ń gba ẹ̀yìn jáde.
Bó bá dùn ni, ibòmíràn là bá wò.
A ti fi ìdajì ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nìyẹn."

Ẹ̀hìnmosàn ń búra pé rọ́bà ni,
ó ti ra mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.
A tú rọ́bà, a tẹ̀ ẹ́, a ká a: kò sán.
Mo fa omi ní kànga Ìyá Àrànsí, mo kún dírọ́ọ̀mù,
a ti ẹnu rọ́bà bọ̀ ọ́, a darí omi ẹ̀yìn padà sínú rẹ̀.
Mo sáré tọrọ pọ́ńdà lọ́wọ́ ìyàwó wẹ́dà, abiyamọ tuntun.
A nu irin náà gbẹ, a wọ́n pọ́ńdà sí i
títí ó fi dà bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.
Ó sitáàtì. Adìẹ fò sórí páánù.
Ọ̀gá dojú bolẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.
Ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí nǹkan.
Ìṣẹ́jú mẹ́jọ, Ẹ̀hìnmosàn ti ń wo òkè.
Ìgbà náà ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan la pọ́ńdà kọjá nídìí póńpù,
bí omijé ọmọ tí kò fẹ́ ká mọ̀ pé òun ń sunkún.

"Ta ló fi gọ́ọ̀mù dí ihò yìí?"
Kẹ́kẹ́ pa.
Àwọn tó rọ póńpù ló dá ihò náà síbẹ̀,
pé bí síìlì bá gbó, kí omi gba ibẹ̀ sọ̀rọ̀
kó tó yà sínú ọ́ìlì.
"Àbúrò mi ni. Ó ní omi ti dá."
"Fún ọjọ́ mélòó?"
"Mẹ́rin."
Ọ̀gá fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì ti di ògì.
Mo rántí ẹnìkan nílé wa
tí a ní kó má ráhùn mọ́.

Iyanrìn òkun ti gé ọ̀pá póńpù yíká, èékánná mi há sí i.
Síìlì tuntun kò tó owó rọ́bà kan.
Ẹ̀ẹ̀mẹta la da ọ́ìlì nù kó tó mọ́.
Lẹ́yìn náà ọ̀gá mú abẹ́rẹ́, ó la ihò yẹn, ó fẹnu fẹ́ ẹ.
"Bó bá tún sunkún, pè mí. Má pa á lẹ́nu mọ́."

Wọ́n ti gba ọ̀nà Oǹdó lọ kí n tó kó irinṣẹ́.
Mo fi ìka kan omi dírọ́ọ̀mù lá. Iyọ̀ díẹ̀.
Ìyá Àrànsí yọjú lójú fèrèsé:
n kò gbọdọ̀ dà á sídìí ọsàn òun.